Bóòtù mẹ́ta lára gíábọ́ọ̀sì: bí hẹlikọ́pítà Cougar 91 ṣe já sínú òkun

Abọ́ kan wà lára gíábọ́ọ̀sì hẹlikọ́pítà Sikorsky S-92A. Asẹ́ ọ́ìlì ló wà nínú abọ́ náà, bóòtù mẹ́ta ló sì so ó mọ́ ara gíábọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n gbé àfọ́kù ọ̀kan nínú àwọn hẹlikọ́pítà yìí, èyí tó ń fò lórúkọ Cougar 91, jáde láti ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì ní agbègbè Newfoundland, ní Kánádà, lọ́dún 2009, méjì nínú bóòtù mẹ́ta náà ti kán. Èèyàn 18 ló wà nínú ọkọ̀ yẹn nígbà tó já. Ẹnì kan ṣoṣo ló yè.

Ìtàn bóòtù wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ kọ síbí, torí òun ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá gbọ́ tẹ́nì kan ń sọ pé, "Iṣẹ́ dandan nìyẹn, wọ́n á ti ṣe é." Dandan ni lóòótọ́, ìwé sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ dandan ju oríṣi kan lọ nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, àárín oríṣi kan sí èkejì sì ni èèyàn 17 bọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ẹ́ńjìnnì kúrò nínú ẹ̀sùn. S-92A ní ẹ́ńjìnnì méjì, irú tí wọ́n ń pè ní CT7-8A, General Electric ló ṣe é. Kò sí èyí tó dákẹ́ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ọ̀kan bá tilẹ̀ dákẹ́, èkejì lè gbé ọkọ̀ délé, ìdí tí wọ́n fi ṣe é ní méjì nìyẹn. Ohun tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀ òkè ni kò ní èkejì. Ẹ́ńjìnnì ń yí ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Abẹ̀bẹ̀ tó gbé ọkọ̀ sókè kì í yí tó ìgbà 300. Gíábọ́ọ̀sì ló ń gba eré àsápajúdé yẹn, tó ń dín in kù, tó tún ń pín agbára rẹ̀: apá kan lọ sókè fún abẹ̀bẹ̀ ńlá, apá kan lọ sẹ́yìn fún abẹ̀bẹ̀ ìrù, èyí tí kì í jẹ́ kí ara ọkọ̀ máa yí bí òkòtó. Ọ́ìlì ni kì í jẹ́ kí eyín irin inú rẹ̀ gbóná kó yọ́ mọ́ ara wọn. Èèyàn lè tọ́jú ẹ́ńjìnnì méjèèjì bí ẹni gbé ẹyin, kó pààrọ̀ gbogbo ohun tó yẹ ní wákàtí tó yẹ, kí gíábọ́ọ̀sì tí ọ́ìlì rẹ̀ jò dànù sọ gbogbo rẹ̀ di asán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ó wá ku bóòtù. Èyí tí mò ń sọ yìí kò ní orí. Apá kan rẹ̀ ti wọnú ara gíábọ́ọ̀sì pátápátá, apá kejì yọ síta. Wọ́n á ki abọ́ asẹ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á wá fi nọ́ọ̀tì dè é. Titanium ni wọ́n fi ṣe é. Titanium fúyẹ́, ó sì lágbára, Sikorsky, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà, sì ti lo irú bóòtù bẹ́ẹ̀ lára àwọn hẹlikọ́pítà tó ṣe ṣáájú láìsí wàhálà. Àléébù tó ní ni pé kì í fara da kí nǹkan máa ha á. Bí wọ́n bá ń tú nọ́ọ̀tì lórí rẹ̀ tí wọ́n tún ń dè é, tírẹ́ẹ̀dì méjèèjì á máa họ ara wọn. Díẹ̀ á ṣí lára ọ̀kan, á lẹ̀ mọ́ èkejì, títí ojú tó ń dán tẹ́lẹ̀ á fi rí gbágungbàgun. Lára S-92A, wọ́n ń pààrọ̀ asẹ́ ọ́ìlì ju bí àwọn tó ṣètò ọkọ̀ náà ṣe rò lọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì pààrọ̀ asẹ́, wọ́n á tú nọ́ọ̀tì, wọ́n á dè é padà, nọ́ọ̀tì àtijọ́ kan náà ni wọ́n sì ń lò.

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyí, màá sì rọra sọ ọ́. Mẹkáníìkì ọkọ̀ òfurufú kì í fi agbára apá mọ̀ pé nọ́ọ̀tì ti le tó. Ó ní sípánà kan tí wọ́n ti ṣètò òǹkà sí. Á máa yí i títí sípánà á fi dún "kẹ́" lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà náà ló mọ̀ pé ó tó. Ohun tí sípánà yẹn ń wọ̀n ni bí nọ́ọ̀tì ṣe ń ṣagídí sí i. Bí tírẹ́ẹ̀dì bá mọ́, púpọ̀ nínú agbára tó fi ń yí i ń lọ sára bóòtù, bóòtù á nà díẹ̀, á sì fa abọ́ mọ́ra pinpin. Bí tírẹ́ẹ̀dì bá ti họ, irin tó ń ha irin ló ń jẹ agbára náà. Sípánà kò mọ ìyàtọ̀, á dún "kẹ́" bákan náà. Mẹkáníìkì á fọwọ́ síwèé pé òun ti dè é dé ibi tí wọ́n ní kí òun dè é dé, kò sì parọ́. Bóòtù ṣì dẹ̀ síbẹ̀.

Bóòtù tó dẹ̀ kì í sì í kán lọ́jọ́ náà. Gíábọ́ọ̀sì ń gbọ̀n, ọ́ìlì ń ti abọ́ láti inú, bóòtù á máa nà, á máa sún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, títí ìlà tín-ín-rín kan á fi sán lára rẹ̀. Bí èyí àkọ́kọ́ bá kán, ẹrù rẹ̀ bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Bí ti Newfoundland ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí àjọ TSB, tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Kánádà, ṣe kọ ọ́ nínú ìwé ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 2011.

Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2008, S-92A mìíràn pàdánù ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì lójú òfurufú ní Ọsirélíà. Àwọn awakọ̀ rí ibi sọ ọ́ kalẹ̀, kò sẹ́ni tó kú. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, bóòtù abọ́ asẹ́ ni. Ìyẹn ni pé kí ọkọ̀ Kánádà tó já, ilé-iṣẹ́ tó ṣe hẹlikọ́pítà náà ti mọ bóòtù tó lè kán, wọ́n sì ti mọ ohun tó ń ṣe é.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú wọn nígbà náà. Wọ́n lè ní kí wọ́n yọ bóòtù titanium kúrò lára gbogbo S-92A kí èyíkéyìí tó tún fò, kí wọ́n fi ti irin sítíìlì sí i. Wọ́n sì lè fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ná, kí wọ́n ní kí àwọn mẹkáníìkì máa ṣọ́ ọ. Sikorsky àti FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, mú ọ̀nà kejì. Wọ́n tún apá kan kọ nínú ìwé ìtọ́jú ọkọ̀ náà, àtúnṣe kẹtàlá, pé kí wọ́n máa yẹ bóòtù wò bóyá ó ti họ, kí wọ́n sì yọ èyí tó bá ti bàjẹ́ dànù. Dandan ni ìyẹn. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2009, Sikorsky kọ ìwé ìkìlọ̀ sí àwọn tó ń lo ọkọ̀ náà pé kí wọ́n pààrọ̀ bóòtù titanium sí ti irin sítíìlì láàárín wákàtí fífò 1,250 tàbí láàárín ọdún kan.

Ẹni tí kò sí nídìí iṣẹ́ yìí lè má mọ ohun tó wà nínú gbólóhùn yẹn. Ìwé ìkìlọ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú àṣẹ ìjọba. Bí ilé-iṣẹ́ bá kọ̀wé, ìmọ̀ràn tó lágbára ni, ilé-iṣẹ́ tó ń fò lè ṣe é kíákíá, ó sì lè to iṣẹ́ náà mọ́ àwọn iṣẹ́ ńlá tó ti wà nílẹ̀, kó di oṣù mẹ́fà sí i. Bí ìjọba bá pàṣẹ, ọkọ̀ tí wọn kò bá ṣe é fún kò gbọdọ̀ fò, ó parí. Títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ náà já ní oṣù kẹta ọdún 2009, FAA kò tíì pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lórí bóòtù yìí.

Mo lè rò ó ro àwọn tó fún un ní ọdún kan. Ẹ̀yà tuntun kì í hù nínú ilẹ̀, wọ́n ní láti rọ ọ́, kí wọ́n dán an wò, kí wọ́n pín in káàkiri ayé. Bí wọ́n bá sì ní kí gbogbo ọkọ̀ jókòó, àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lórí òkun níbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì kò ní rí ọkọ̀ gbé wọn délé. Ohun tí n kò gbà ni èrò tó wà lábẹ́ rẹ̀: pé ojú mẹkáníìkì á di àlàfo yẹn fún ọdún kan. Iṣẹ́ ìṣọ́ ni wọ́n gbé fún ojú èèyàn, iṣẹ́ tó jẹ́ ti bóòtù.

Ìṣọ́ náà kò sì wáyé bó ṣe yẹ. Ìwé TSB kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: Cougar Helicopters, tó ń fi ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́, kò mú ohun tí àtúnṣe kẹtàlá sọ ṣẹ dáadáa, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi rí bóòtù tó ti bàjẹ́, tí wọn kò sì pààrọ̀ rẹ̀. Ó rọrùn láti jókòó síbí kí n máa dá wọn lẹ́bi. Àmọ́ bí mo bá wo bí ìwé kan náà ṣe to àwọn ohun tó fa ìjàǹbá, ìpinnu Sikorsky àti FAA ló ṣáájú, ti Cougar ló tẹ̀ lé e, mo sì rò pé ètò náà bá a mu. Ẹni tó gbé gbogbo ẹrù lé okùn kan ní láti dáhùn pẹ̀lú ẹni tó di okùn náà mú tó sì yọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Thursday ni 12 oṣù kẹta ọdún 2009. Agogo 9:17 òwúrọ̀ ni ọkọ̀ náà gbéra ní St. John's, awakọ̀ méjì àti èrò 16, wọ́n ń lọ síbi ìwakùsà epo Hibernia àti ọkọ̀ omi SeaRose. Ọjọ́ 43 ti kọjá lẹ́yìn tí ìwé ìkìlọ̀ jáde. Ọdún kan tí wọ́n fún wọn ṣì pọ̀ nílẹ̀, wákàtí tó kù pọ̀, wọn kò tíì rú òfin kankan lórí pípààrọ̀ bóòtù yẹn.

Ní 9:45, nígbà tí wọ́n wà ní ẹsẹ̀ bàtà 9,000 sókè, tí wọ́n sì ti fi St. John's sílẹ̀ ní nǹkan bí kìlómítà 100, iná pupa kan tàn níwájú awakọ̀: agbára ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì ti lọ sílẹ̀. Bóòtù kejì ti kán. Wọ́n kéde pàjáwìrì, wọ́n yí padà sí ilé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e ló kún jù nínú ìwé ìwádìí. Ìwé tí awakọ̀ máa ń wò bí nǹkan bá bàjẹ́ sọ pé bí agbára ọ́ìlì bá ti kéré sí 5 psi (psi ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára náà), kí wọ́n bà lójú ẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ orí omi. Ṣùgbọ́n ìwé náà lọ́jú pọ̀. Kò la ìyàtọ̀ láàárín ọ́ìlì tó jò tán àti ẹ̀rọ afami ọ́ìlì kan ṣoṣo tó dákẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa rí i pé "ẹ bà lójú ẹsẹ̀" ni, ọ̀gá awakọ̀ ti pinnu láti máa lọ sílé, ó ń dúró de àmì mìíràn. Nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń kọ́ wọn níṣẹ́, wọ́n ti kọ́ wọn pé gíábọ́ọ̀sì kì í bàjẹ́ lójijì, pé ó máa ń pariwo, ó máa ń gbọ̀n kó tó kú. Kò pariwo.

Òǹkà ooru wá dá kún un. Ẹni gbogbo ló mọ̀ pé bí ọ́ìlì bá tán nínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á gbóná, òǹkà ooru á gòkè. Òǹkà yìí kò gòkè. Ó bọ́gbọ́n mu kí awakọ̀ rò pé ọ́ìlì wà níbẹ̀, pé ohun tó ń ka agbára rẹ̀ ló ń parọ́. Bẹ́ẹ̀, inú ọ́ìlì ló yẹ kí irin tó ń ka ooru náà rì sí. Nígbà tí ọ́ìlì ti lọ, kò sí ohun gbígbóná tó máa kàn án mọ́. Ohun tó yẹ kó pariwo ló fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀.

Wọ́n sọ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 800, wọ́n dúró níbẹ̀, wọ́n ń sáré lọ sí St. John's, agbára tí wọ́n ń lò sì ju èyí tó yẹ lọ. Nínú gíábọ́ọ̀sì, gíà tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn fún abẹ̀bẹ̀ ìrù ń gbóná láìsí ọ́ìlì. Eyín rẹ̀ yọ́, ó ya. Abẹ̀bẹ̀ ìrù dákẹ́. Ní 9:55 wọ́n sọ lórí rédíò pé àwọn ń bà sórí omi, ó ku nǹkan bíi kìlómítà 65 kí wọ́n dé ilé. Kò pé ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ìyẹn tí ọkọ̀ náà lu òkun.

Ó rì kíá, ó lọ sí ìsàlẹ̀ mítà 169. Èèyàn 17 kú sómi, ẹnì kan là á já pẹ̀lú ìpalára ńlá. Gbogbo wọn ló ní ẹ̀rọ tó ń pe olùgbàlà lára, ọkọ̀ náà sì ní tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ìró kankan láti ara èyíkéyìí nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú gbogbo èyí, tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń gun hẹlikọ́pítà lọ sórí òkun mọ̀. Òfin sọ pé gíábọ́ọ̀sì hẹlikọ́pítà ńlá gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ọ́ìlì rẹ̀ bá ti lọ. Wọ́n dán ti S-92A wò ní oṣù kẹjọ ọdún 2002. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 ló lò kó tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn: bí ilé-iṣẹ́ bá lè fi hàn pé ó ṣòro gan-an kí irú jíjò bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀, kò pọn dandan kó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Sikorsky fi fáàfù kan sí i tó máa dí ọ̀nà ọ́ìlì bó bá jẹ́ ibi tí ọ́ìlì ti ń tutù ló ti ń jò, wọ́n sì ka àwọn ọ̀nà jíjò yòókù sí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè ṣẹlẹ̀. Abọ́ asẹ́ wà lára àwọn ọ̀nà yòókù náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ẹ fi ìṣẹ́jú 11 inú ọdún 2002 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí gíà abẹ̀bẹ̀ ìrù fi pẹ́ lọ́dún 2009.

TSB dábàá pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn. Wọ́n tún ní kí wọ́n wò ó bóyá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pàápàá tó, pé kí ọkọ̀ má fò lórí omi bí ìgbì bá le ju ohun tí ọkọ̀ lè bà lé lórí lọ, àti pé kí èrò ní ẹ̀rọ tí wọ́n lè fi mí lábẹ́ omi. Ti ẹ̀rọ mímí yẹn, ó ti tó ọdún bíi mélòó kan tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Newfoundland kí ọkọ̀ tó já. Lẹ́yìn tó já, lọ́dún 2009 kan náà, wọ́n gbé e dé. Adájọ́ Robert Wells, tó darí ìgbìmọ̀ ìwádìí nípa ààbò hẹlikọ́pítà lórí òkun níbẹ̀, gbọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rí nípa ìdádúró yẹn.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ti bóòtù ṣe ìkẹyìn. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2009, ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn tí ọkọ̀ já, FAA pa àṣẹ pàjáwìrì: kí wọ́n yọ bóòtù titanium abọ́ asẹ́ lára gbogbo S-92A, kí wọ́n fi ti irin sítíìlì sí i, kí ọkọ̀ kankan tó tún fò. Kò sí wákàtí 1,250 nínú rẹ̀ mọ́, kò sí ọdún kan. Àwọn mẹkáníìkì mú sípánà, wọ́n tú nọ́ọ̀tì, wọ́n yọ bóòtù, wọ́n fi tuntun sí i.